Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ibo ni ère Búdà yóò wà nínú spa wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Chiang Mai ní Táílándì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ ibẹ̀ ni. A fẹ́ kọ́ spa (ilé màsáàjì àti ìtọ́jú ara) olówó ńlá sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, èyí tí yóò gbé àṣà Thai àti ẹ̀sìn Búdà yọ. Ayàwòrán ilé tí a gbà ní kí a gbé orí Búdà gàǹgà kan sí gbọ̀ngàn ìgbàlejò, kí àwọn kékeré sì wà ní yàrá màsáàjì kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọkọ mi ní kò ní ṣojú òun. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ gbọ́ ti ìyá ọkọ yín. Ní Táílándì, ère Búdà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tí wọ́n ń wólẹ̀ fún ni. Ẹni tó bá tàbùkù sí i lè fi ẹ̀wọ̀n gbára. Orí tí kò ní ara gan-an ló burú jù. Ìlú Ayutthaya, tí ogun Burma fọ́ ní 1767, kún fún ère tí kò lórí: ogun ló bẹ́ òmíràn, olè ló gé òmíràn tà. Ọmọ Thai tó bá rí orí lásán lórí tábìlì yín, ohun tí yóò rántí nìyẹn.

Ti yàrá màsáàjì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ẹní nílẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe nuad Thai, ìyẹn màsáàjì ìbílẹ̀ wọn. Lójú wọn, orí ni ibi ọ̀wọ̀ jù lọ lára èèyàn, ẹsẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù, a kì í sì í na ẹsẹ̀ sí Búdà. Àwa tí à ń bọ orí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé lórí ìyẹn. Nínú yàrá kékeré tí àlejò ti ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọjú sí ère náà dandan.

Ère kan ṣoṣo tó pé láti orí dé ẹsẹ̀ ti tó. Kí pẹpẹ rẹ̀ ga ju orí ẹni tó dúró lọ, kó wà níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ti lè kí i láàárọ̀, kó má sì sí lábẹ́ àtẹ̀gùn tàbí lára ògiri ilé ìyàgbẹ́. Ẹ gbé ère Jivaka, oníṣègùn Búdà, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òun ni àwọn oníṣẹ́ màsáàjì ń júbà fún kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn.

Ní ti ohun tí àlejò yóò máa wò, ìṣúra wà ní tẹ́ńpìlì Wat Pho ní Bangkok. Ọba Rama Kẹta ló ní kí wọ́n gbẹ́ ìmọ̀ màsáàjì sára òkúta níbẹ̀ láàárín ọdún 1830 sí 1840: àwòrán èèyàn, pẹ̀lú àwọn ìlà àti ojú ibi tí à ń tẹ̀ lára. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ọnà tún irú rẹ̀ yà sára ògiri. UNESCO fi nuad Thai sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà àgbáyé ní 2019, àwọn àlejò yín yóò sì fẹ́ mọ ìtàn yẹn.

Ẹ̀sìn náà fúnra rẹ̀, inú ètò ilé ni kí ẹ fi í sí. Àlejò bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lórí àga gíga, òṣìṣẹ́ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀, kó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó ní ìbòji, tí kò ní àwòrán kankan, bí ojú ọ̀nà tí àwọn mọ́ńkì ń rìn lọ rìn bọ̀ tí wọ́n bá ń ṣàṣàrò. Kó tó dé yàrá, ohùn rẹ̀ á ti wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí yàrá náà ṣófo bí iyàrá mọ́ńkì. Owó tí ẹ bá fẹ́ ná, ẹ ná an sórí ògiri tí kò gba ariwo wọlé àti igi tó dáa. Láti 1989 ni ìjọba ti fòfin de gígé igi nínú igbó àdánidá, nítorí náà ẹ ra tíìkì tí wọ́n tú lára ilé àtijọ́, kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀.

Ẹ fi àyè tó mítà kan sílẹ̀ yí ẹní ká, torí pé oníṣẹ́ ń fa apá, ó ń fa ẹsẹ̀, ó sì ń yí àlejò po. Ẹ má sì lo mábù funfun! Nínú àpò ewé gbígbóná tí wọ́n fi ń tẹ ara, ata ilẹ̀ pupa wà níbẹ̀ pẹ̀lú koríko ọba àti plai, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí jínjà. Bí omi rẹ̀ bá kán sí mábù, àwọ̀ òféfèé yẹn kì í fẹ́ lọ mọ́. Òkúta dúdú ló gbà á.

Ilé kékeré tí wọ́n ń kọ́ fún ẹ̀mí tó ni ilẹ̀, san phra phum, kì í ṣe ti ẹ̀sìn Búdà gan-an, àmọ́ ilẹ̀ tí kò ní i kò wọ́pọ̀. Òjìji ilé ńlá kò gbọdọ̀ bò ó, nítorí náà ẹ yan àyè rẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bákan náà ni ti ìwé àṣẹ: òfin ilé ìtọ́jú ara ti 2016 ní kí spa gba àṣẹ, kí òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì forúkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí àwọn tó ń fúnni láṣẹ ń fẹ́ nípa ilé lọ́wọ́ wọn nígbà tí ilé náà ṣì wà lórí ìwé.