Góòlù kan, lóṣòó mẹ́wàá

Àbúrò, o ní ẹ̀yìn ń ro ẹ́ nítorí gẹ́èmù, o wá ń bèèrè bóyá kí o ra Kinect, kámẹ́rà gẹ́èmù tòkunbọ̀ tí wọ́n fi lọ̀ ẹ́ ní Òṣogbo níbí, kó lè máa mú ẹ ṣe eré ìdárayá. Má tíì sanwó. Mo ti rà á rí.

Èmi náà jókòó títí ìdí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ àga. Òkè-Fìà ni mò ń gbé nígbà náà. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, páàdì ni mo máa ń dì mú di ìdájí, gààrí àti ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣòkòtò ló kọ́kọ́ kọ̀ mí, kó tó di pé ọrùn ẹsẹ̀ mi ń wú. Ọjọ́ tí mo lọ gba oògùn ibà, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n, ó ní 150 lórí 95. Ọmọ ọdún 29 ni mí o. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?" Ojú tì mí láti sọ pé bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n ni mò ń gbá.

Ni mo bá sáré ra Kinect. Lọ́dún 2010 ni Microsoft gbé e jáde fún ẹ̀rọ gẹ́èmù rẹ̀, Xbox 360: kámẹ́rà ni, kò lo páàdì, bí o bá fò, ẹni inú gẹ́èmù náà á fò. Mo làágùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 láàárín ìwọ àti òun, yàrá kan ṣoṣo ni mo sì ní, bẹ́ẹ̀dì ti gba ìdajì. Ọjọ́ kẹta ni mo gbá fáànù lulẹ̀. Ìyá onílé wá ń bèèrè ẹni tí mò ń bá jà. Bí iná bá lọ, ó parí nìyẹn. Láti 2017 ni wọn ò ti ṣe é mọ́ pàápàá.

Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ kò gba kọ́bọ̀. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣòfin: ẹni tí wọ́n bá gbá wọlé á gbé páàdì sílẹ̀, á lóṣòó dìde nígbà 10. Ẹni tó bá pàdánù, press-up 20. Lẹ́yìn oṣù kan ni mo ṣàkíyèsí pé ọ̀gá wa nínú gẹ́èmù, ẹni tí ikùn rẹ̀ tóbi jù, kì í ṣe nǹkan kan. Ta ló fẹ́ gbá a wọlé? Àwa tá ò mọ̀ ọ́n gbá là ń ní iṣan! A yí i padà: góòlù bá ti wọlé, gbogbo ilé dìde. Ó bínú gan-an, àmọ́ òun náà ló kọ́kọ́ fọn.

Tẹ̀yìn rẹ yàtọ̀ díẹ̀. Má gbá gẹ́èmù lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, gbé tẹlifíṣọ̀n sókè dé ọ̀gangan ojú rẹ, kí o sì dìde na ara bí ìdíje kan bá ti parí. Tí ìrora náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí o lọ, má bèèrè lọ́wọ́ mi.

Kí o sì máa rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Lóṣòó nìkan ò lè kún un, àfi tí wọ́n bá ń gbá ẹ wọlé bí òjò. Èmi, mo gbọ́dọ̀ rìn dé Ọláìyá kí n sì padà kí n tó tan gẹ́èmù. Mo fi gààrí òru sílẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, 130 lórí 84 ni nọ́ọ̀sì kà.

Kinect yẹn, tó bá ṣì ń wù ẹ́, tèmi wà nílẹ̀. Wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wọn yàrá rẹ.