Spíìdì wo ni kí n fi gé géèjì 16 lórí tábìlì plasma?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀fà ni mo wà, géètì àti bọ́glárì fèrèsé ni mo ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá mo to tábìlì CNC plasma fúnra mi, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí tọ́ọ̀ṣì tó ń fi iná gé irin, mo so ẹ̀rọ gígé amp 45 mọ́ ọn. Géèjì 16, irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó 1.5 mm, ni mo ń gé jù, òun la fi ń ṣe òdòdó ara géètì. Ẹ̀rù ń bà mí kí iná má lọ fo irin láìgé, ni mo bá fi spíìdì sí 2000 mm ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń gé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdàrọ́ kún abẹ́ rẹ̀, irin ń ká sókè, ihò róbótó sì ń rí bí ẹyin. Nígbà tí mo gbé e sí 6000, gbogbo tábìlì ló ń gbọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, iye wo gan-an ni kí n fi sí i?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, a ò jiyàn, ṣùgbọ́n irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kì í ṣe ẹni tí à ń bá jà. Bí iye tí o máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́la lo fẹ́, wá nozzle kékeré, ìyẹn imú tọ́ọ̀ṣì tí iná ń gbà jáde, èyí tí wọ́n ṣe fún irin fẹ́lẹ́, fi amp sí 40, kí o sì gbé spíìdì sí 3800. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí bí o bá ra géèjì mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iye yẹn ò ní wúlò fún ọ mọ́.

Rírọra lọ tí o ń rọra lọ yẹn gan-an ló ń bà ọ́ níṣẹ́ jẹ́. Iná plasma gbọ́dọ̀ máa rí irin jẹ níwájú rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí tọ́ọ̀ṣì bá ń wọ́, iná á jẹ èyí tó wà níwájú tán, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀gbẹ́. Ojú gígé á fẹ̀, irin tó ti yọ́ ò ní rí atẹ́gùn tó máa tì í bọ́ sílẹ̀ dáadáa, á dì mọ́ abẹ́. Ooru náà ò níbi tó ń lọ ju ara irin lọ, ìyẹn ló fi ń ká sókè.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, dojú irin dé kí o wo ìdàrọ́ abẹ́ rẹ̀. Oríṣi méjì ni. Èyí tó tóbi, tó wú, tó ní ihò wẹẹrẹ bí ìfófòó, tí o bá fi òòlù kàn án pẹ́ tó já bọ́, eré tọ́ọ̀ṣì kéré jù nìyẹn. Èyí tó tín-ínrín bí òwú, tó lẹ̀ mọ́ etí irin bí ẹni pé wọ́n jó o mọ́ ọn, tí òòlù ò ràn, eré ti pọ̀ jù nìyẹn. Gíráíńdà nìkan ló lè bá ìkejì yìí wí. Àwọn àgbà sọ pé ìlọ irin ni Ìlọrin ti gba orúkọ, pé òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Síbẹ̀ mi ò rí ìdí tí wẹ́dà yóò fi máa lo wákàtí mẹ́ta fún lílọ ohun tí ẹ̀rọ gé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti inú ohun tí o kọ, mo fura pé oríṣi àkọ́kọ́ ni tìrẹ.

Ìwé tí wọ́n kó pẹ̀lú ẹ̀rọ gígé rẹ ní àtẹ spíìdì nínú. Òun ni kí o kọ́kọ́ ṣí, kí o tó bi ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. Fún ẹ̀rọ amp 45 tó ní nozzle kékeré, irin 2 mm máa ń wà ní nǹkan bí 4800 mm ní ìṣẹ́jú kan, 3 mm ní nǹkan bí 2700. Irin 1.5 mm, tí í ṣe géèjì 16 rẹ, á ti lé ní 6000. O rí i pé 2000 tí ìwọ ń lò, irin tó nípọn ju ìlọ́po méjì tìrẹ lọ ni wọ́n ṣe é fún.

Ṣùgbọ́n o ti gbé e dé 6000, tábìlì sì gbọ̀n. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Iye tí o kọ sínú kọ̀ǹpútà kọ́ ni iye tí tọ́ọ̀ṣì ń sá. Tọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ ti orí òdo gbéra, kó sì tún dẹwọ́ kó tó dé igun. 6000 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 100 mm ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní tábìlì rẹ ń fi 500 mm kún eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó máa rìn 10 mm kó tó dé 6000, á sì tún nílò 10 mm mìíràn láti dúró. Ewé òdòdó tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 15 mm ò ní fojú kan 6000 láéláé. Amp 45 á máa jó, tọ́ọ̀ṣì á máa wọ́, ìdàrọ́ á tún kún. Bí ó bá jẹ́ 3800 lo kọ, 4 mm péré ló nílò láti dé e.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o dín amp kù. Àṣìṣe tí mo máa ń rí ni pé ènìyàn á dín spíìdì kù torí tábìlì ò lágbára, á wá fi amp sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ jọ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn olùṣe ẹ̀rọ kan mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń tẹ àtẹ kejì fún tábìlì tí kò lè sáré. Níbẹ̀ ni wàá ti rí 1.5 mm ní amp 40 pẹ̀lú nǹkan bí 3800. Má wulẹ̀ fi amp tó ju ti nozzle lọ sí i o, ihò rẹ̀ á jó fẹ̀ kí ọjọ́ tó kan.

Lẹ́yìn náà, dán an wò. Gba àjákù irin kan náà, gé ìlà márùn-ún tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 150 mm: 3000, 3400, 3800, 4200, 4600. Fi máákà kọ iye sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o ṣe ń gé e, wọ gọ́gù, dúró sí ẹ̀gbẹ́, wo iná tó ń ta jáde lábẹ́. Tó bá ń bọ́ sílẹ̀ gbọnrangandan, ó lọ́ra jù. Tó bá ń fà sẹ́yìn díẹ̀, ó dára. Tó bá ń ta padà sókè sí ojú tọ́ọ̀ṣì, kò gé dé ìsàlẹ̀. Àwọn kan á ní kí o wo ìlà wẹẹrẹ tí iná ń fà sí ara etí irin. Lórí irin tó nípọn, òótọ́ ni, lórí 1.5 mm ojú rẹ á kàn máa ro ọ́ lásán ni. Ìlà tí ìdàrọ́ rẹ̀ kéré jù ni kí o mú.

Ọ̀rọ̀ igun ṣì kù, òun ló ná mi lówó jù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ń gé lẹ́tà pátákó ṣọ́ọ̀bù kan. Gbogbo igun lẹ́tà E ni tọ́ọ̀ṣì ń dorí kodò tó ń fi imú gbá irin. Nozzle mẹ́ta ni mo fọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo ní THC, ẹ̀rọ tó ń gbé tọ́ọ̀ṣì sókè sódò kó má bàa jìnnà sí irin tàbí kàn án, ló bàjẹ́, mo lọ ra òmíràn, tuntun náà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí ohun tó ṣe THC. Fóòtéèjì ló fi ń mọ bí tọ́ọ̀ṣì ṣe ga tó. Ní igun, tọ́ọ̀ṣì ń dẹwọ́, ojú gígé ń fẹ̀, fóòtéèjì ń gòkè. THC á rò pé tọ́ọ̀ṣì ti jìnnà sí irin, á tì í wálẹ̀. Wá ibi tí wọ́n kọ anti-dive sí nínú sọ́fítíwíà rẹ, kí o ní kí THC dákẹ́ nígbàkigbà tí eré bá ti rẹlẹ̀ ju nǹkan bí 90% iye tí o kọ. Owó THC kejì yẹn ṣì ń dùn mí.

Ihò róbótó tó ń di ẹyin: gé e ní nǹkan bí 60% spíìdì rẹ, ìyẹn nǹkan bí 2300, kí o pa THC nínú ihò pátápátá. Ọwọ́ ọ̀tún ibi tí tọ́ọ̀ṣì dojú kọ ni etí rẹ̀ máa ń dára jù. Nítorí náà, gé ihò lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí o gé etí ìta bí aago ṣe ń yí. Bí ó bá ṣì ń di ẹyin lẹ́yìn èyí, wo bẹ́líìtì àti gíà tábìlì, ó ti dẹ̀ nìyẹn.

Má gba ohun tí ẹni tó tà á fún ọ sọ nípa géèjì. Mo ti ra géèjì 16 tó jẹ́ pé nígbà tí mo fi caliper wọ̀n ọ́n, kò pé 1.3 mm. Gíga tọ́ọ̀ṣì, 1.5 mm ló yẹ kó wà sí irin bó ṣe ń gé, nǹkan bí 4 mm nígbà tó bá ń lu ihò àkọ́kọ́, kó má sì dúró pẹ́ níbẹ̀. Irin fẹ́lẹ́ máa ń tẹ̀ bí tọ́ọ̀ṣì bá fi imú kàn án láti wá ojú rẹ̀, ìwọ̀n á sì ṣì. Fi irin ìdábùú sún mọ́ra lábẹ́ rẹ̀.

Àsìkò òjò yìí, máa da omi inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń fún tọ́ọ̀ṣì ní atẹ́gùn nù láràárọ̀. Bí ojú electrode, irin kékeré inú tọ́ọ̀ṣì tí iná ti ń bẹ̀rẹ̀, bá ti jẹ wọlé tó 1.5 mm, pààrọ̀ rẹ̀, torí kò sí spíìdì tó lè tún ìyẹn ṣe.

Tó bá jẹ́ irin tí wọ́n fi síńkì bò lo fẹ́ gé, ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí o gbé fáànù sẹ́yìn ara rẹ. Èéfín funfun yẹn máa ń fún ènìyàn ní ibà àti òtútù lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn á sì rò pé ẹ̀fọn ló fà á.