5.8 ti tó iṣẹ́ abẹ, àmọ́ ẹ múra fún ẹ̀yìn ẹ̀

Ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ní skáànù fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn bàbá yín ti wú dé 5.8 sẹ̀ǹtímítà, tẹ́ ẹ wá ń béèrè pé ṣé iṣẹ́ abẹ ẹ̀ ò ní pa á, ẹ kú ìrọ́jú o. Ohun tó ṣe bàbá tiwa náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ prọ́sítéètì ló gbé e lọ ṣe skáànù ní Pánṣẹ́kẹ́ níbí, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i, kò dùn ún rárá.

Iṣan yẹn ò yẹ kó ju bíi 2 sẹ̀ǹtímítà lọ, tó bá ti dé 5.5 lára ọkùnrin wọ́n á ní kẹ́ ẹ wá ṣe é, torí tó bá bẹ́, ọ̀pọ̀ kì í dé ọsibítù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdí ra ikùn bàbá! Àǹtí wa kan láti Ìtòkú ti gbé ìgò dé, ó ní atẹ́gùn ló ń lù kìkì níbẹ̀ yẹn.

Wọ́n lè gba abẹ́nú itan ti páìpù aláṣọ wọ inú iṣan náà, èèyàn á tètè délé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè máa jò gba ẹ̀yìn páìpù, torí ẹ̀ skáànù ò ní tán láyé onítọ̀hún. Bàbá mi tí kì í lọ fún àyẹ̀wò àfi tá a bá fà á, lílà ikùn ló bá a mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló le jù níbẹ̀rẹ̀.

Tí wọ́n bá là á, wọ́n á fi irin dí iṣan náà pa kí wọ́n tó rán páìpù mọ́ ọn, ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ lè má dé kíndìnrín àti ìfun tó. Ẹ máa wo ìtọ̀ inú àpò, ẹ máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bóyá ó tutù, àmọ́ ìgbẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru tó lẹ́jẹ̀ nínú nígbà tí kò tíì yẹ kí ìfun ẹ̀ jí, àwọn ará ilé ń yọ̀ pé ìfun ti ṣí, èmi pariwo títí dókítà fi dé, wọ́n ti kámẹ́rà gba ìdí wọlé, apá òsì ìfun ńlá ni ẹ̀jẹ̀ ò dé dáadáa. Awọ inú nìkan ló kàn ṣá, wọ́n dá oúnjẹ dúró, wọ́n fi dírìpù àti antibáyótíìkì gbé e, tí ìfun yẹn bá ti kú ni, gígé ni wọn ì bá gé e.

Ìpá, ìyẹn kí ìfun ti ara ikùn wú síta, yọ lójú abẹ bàbá mi lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyẹn ò dẹ́rù bà mí. Ọ̀rọ̀ inú yàrá láàárín tọkọtaya náà lè yí padà, bàbá yín ò ní béèrè lójú yín, ẹ jáde kí dókítà bá a sọ ọ́. Tí bàbá yín bá ń mu sìgá, kó jáwọ́ látònìí, kẹ́ ẹ sì ti máa wá àwọn tó máa fún un lẹ́jẹ̀.