Ìbéèrè Yín: Ẹ̀kọ́ Wo Ni Kí N Kà Kún Dìgírì Mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Àjàrà ní Àgbádárìgì ni mò ń gbé. Ìmọ̀ Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Láti ìgbà tí mo ti sìnrú ìlú tán ni mo ti ń ran àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa lọ́wọ́, pàápàá àwọn tí wọ́n ti fi ilé ìwé sílẹ̀ tí wọ́n ń gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà Sẹmẹ. Mo fẹ́ kí ó di iṣẹ́ tí n óò máa fi jẹun. Ṣé Guidance and Counselling ni kí n fi gba mástà, àbí Social Work (ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ẹbí àti àwùjọ)?

Ìdáhùn: Bí ó bá jẹ́ inú ọgbà ilé ìwé ni ẹ fẹ́ jókòó sí, Guidance and Counselling tó yín. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó sá kúrò ní ilé ìwé lọ gun ọ̀kadà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sábà mọ sí ọ̀dọ̀ òun nìkan. Ẹni tí ó lè wọlé tọ òbí rẹ̀ lọ, tí ó sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ẹjọ́ ìdílé lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2007, ni Social Work ń kọ́.

Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Èkó ní ẹ̀ka rẹ̀. Nítorí pé Ìtàn ni ẹ kà, wọ́n lè ní kí ẹ kọ́kọ́ ṣe PGD (Postgraduate Diploma), ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn dìgírì, kí ẹ tó bọ́ sí mástà. Ẹ má kà á sí ìyà. Bí ó bá jẹ́ Akọkà, níbi tí Yunifásítì Èkó wà, ni ẹ yàn, ẹ tètè wá ilé tí ẹ óò máa wọ̀ sí, nítorí ẹni tí ó bá mọ títì Àgbádárìgì kò ní gbà yín nímọ̀ràn àlọ àtàbọ̀ ojoojúmọ́.

Kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún iṣẹ́ pápá, àti ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ yín wò níbẹ̀. Lójú tèmi, èyí ju orúkọ yunifásítì lọ. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti kọ́ àkọsílẹ̀ ìbẹ̀wò, èyí tí ọ̀pọ̀ aláàánú kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ kò ní kọ pé "ìyá náà kò bìkítà"; ẹ óò kọ pé: "Agogo mẹ́wàá àárọ̀, ìyá kò sí nílé, ọmọ ọdún mẹ́ta wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sí oúnjẹ nínú ìkòkò." Ohun tí ẹ fojú rí ni adájọ́ lè gbé yẹ̀ wò; bóyá ọjà ni ìyá náà ti jí lọ kí wọ́n lè rí jẹ.

Bí ẹ kò bá sì gbọ́ Ègùn dáadáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ báyìí, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá àgbà tí ẹ óò bá nílé ní agbègbè yín, èdè yẹn ni wọ́n fi ń sọ tinú wọn.