Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń jẹ, ṣúgà ò wálẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Bàálé mi ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni ọdún 58 ni wọ́n. Iyán àti ẹ̀bà ti di èèwọ̀ nílé wa. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n ni wọ́n ń jẹ tàárọ̀-talẹ́. Síbẹ̀, láàárọ̀ àná, kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan kan, 214 mg/dL ni ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà gbé jáde. Níbo la ti ń ṣì í?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú aájò, mà. Báwo ni àmàlà náà ṣe ń tóbi tó? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a sá, tí a lọ̀ kúnná, tí a sì rò nínú omi híhó kì í pẹ́ nínú kó tó dà, ṣúgà ló sì ń dà nínú ẹ̀jẹ̀. Ti wíìtì náà kò yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé “èyí ò ní ṣúgà” a máa rò ó ní ìlọ́po méjì, òun gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n di ẹ̀ṣẹ́: àmàlà kò gbọdọ̀ tóbi jù ú lọ. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja gba ìdá kan nínú mẹ́rin. (Ẹ̀fọ́ tí epo ń léfòó lórí rẹ̀ kọ́ ni mò ń wí o.) Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ nínú ẹ̀fọ́ àti ẹja kí wọ́n tó bu òkèlè, kò bá àṣà wa mu, àmọ́ kì í jẹ́ kí ṣúgà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kí oúnjẹ alẹ́ má kọjá aago méje, kí wọ́n sì rìn fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀, ìrìn tí wọ́n á lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn ò ní lè kọrin. Kí wọ́n wọ bàtà. Mọ́ọ̀tì “tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀” náà, kí wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹ kọ iye ṣúgà sílẹ̀ fún ọjọ́ 7: kí wọ́n tó jẹun àárọ̀ (80 sí 130 là ń wá), àti wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ (kó má tó 180). Ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà wọn. Oògùn lè nílò àtúnṣe. Kí wọ́n má dá a lò ní méjì-méjì.

Tó bá jẹ́ glibenclamide (oògùn oníhóró tó ń fa ṣúgà wálẹ̀) tàbí ínsúlínì ni wọ́n ń lò, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó dín oúnjẹ kù, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ jù. Bí wọ́n bá ń làágùn, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ẹ̀rọ sì gbé ohun tí kò tó 70 jáde, ẹ po kóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú omi fún wọn mu, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí wọn ò bá lè gbé e mì, ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ kíákíá.