Ṣé ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni párìṣì káńsù?

Màmá wa ní Nyanya, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin tó ń gbé abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ lórí fóònù pé òun ń lọ sí ìpàdé párìṣì káńsù. Ẹ dúpẹ́ pé ó ti di òṣìṣẹ́ nínú ìjọ, àfi ìgbà tó ní ọ̀rọ̀ iná ojú títì ni wọ́n fẹ́ sọ. Ẹ wá bi wá pé ṣé ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, àti pé kí ni Yorùbá ń pè é.

Rárá, Mà, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ò sì jẹ̀bi, nítorí pé ní Àbújá níbí, ẹ̀ka Rìdíìmù tó wà ládùúgbò, párìṣì la ń pè é, àwọn Àgùdà náà sì ní párìṣì tiwọn. Inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rọ̀ náà ti jáde lóòótọ́. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àlùfáà kan ni párìṣì, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń jíròrò ọ̀nà tó bàjẹ́ àti ìtọ́jú aláìní. Ọdún 1894 ni òfin gba iṣẹ́ ìlú kúrò lọ́wọ́ ìjọ, ó gbé e fún àwọn tí ará abúlé bá dìbò yàn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé òfin yẹn gba obìnrin láyè láti dìbò àti láti wọ ìgbìmọ̀ ọ̀hún, nígbà tí wọn ò tíì lè dìbò yan aṣòfin rárá. Láti ìgbà náà, párìṣì ti ìjọ wà lọ́tọ̀, ti ìlú wà lọ́tọ̀. Mùsùlùmí lè jókòó nínú ti ìlú.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ wọn. Ó kéré tán, èèyàn márùn-ún ni. Pápá ìṣeré àwọn ọmọdé, itẹ́ òkú, àtíbàbà tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, ilẹ̀ kéékèèké tí ará abúlé ń yá gbin ẹ̀fọ́, ìwọ̀nyí ni wọ́n sábà máa ń bójú tó. Tí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́lé, wọ́n lè sọ tẹnu wọn, ṣùgbọ́n káńsù ńlá tó wà lókè wọn ló máa pinnu. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣáájú ìpàdé, ìwé ìkéde gbọ́dọ̀ ti wà níta, ẹni tó bá wù sì lè wá jókòó gbọ́.

Àwọn kan máa ní Baálẹ̀ àti ìjòyè nìyẹn. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìdílé ni oyè Baálẹ̀ ti ń wá, Baálẹ̀ sì ń parí ìjà tọkọtaya. Wọn ò gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé párìṣì káńsù. Ẹgbẹ́ lańlọ́ọ̀dù ló sún mọ́ ọn jù. Ládùúgbò wa ní Kubwa, a máa ń to àga oníke sábẹ́ igi máńgòrò, akọ̀wé á ṣí ìwé gbọọrọ, á máa ka orúkọ ẹni tí kò tíì dá owó tiransífọ́mà. Ẹnì kan á ní ayálégbé lòun, ẹlòmíràn á jókòó bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ̀bẹ̀ la fi ń gba owó náà. Tiwọn, òfin ló gbè wọ́n lẹ́yìn: wọ́n á kọ iye tí wọ́n nílò ránṣẹ́ sí káńsù ńlá, ìyẹn á sì gbà á pọ̀ mọ́ owó tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san. Bwari ni Kubwa wà, ọ̀kan nínú káńsù mẹ́fà tó wà ní Àbújá, ṣùgbọ́n lábẹ́ káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù, kò tún sí ìjọba tí òfin gbé kalẹ̀. Lọ́hùn-ún, párìṣì tuntun tí olùdìbò rẹ̀ bá ti tó 1,000 gbọ́dọ̀ ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Ó máa ń dùn mí pé a ò ní irú ẹ̀.

Torí náà, ìgbìmọ̀ abúlé ni màá pè é. Gba ìmọ̀ ló di gbìmọ̀, iṣẹ́ wọn gan-an nìyẹn.

Tí ọmọ yín bá tún pè, ẹ bi í bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè dìbò níbẹ̀, nítorí pé a wà nínú Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì.