Ikọ̀ 1980 àbí Ikọ̀ 1994: Èwo Ló Gbóná Jù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Àríyànjiyàn kan wà nílé wa tí kò tán. Bàbá mi ní kò tíì sí ikọ̀ Nàìjíríà tó tó èyí tó gba ife Áfíríkà ní 1980. Ẹ̀gbọ́n mi ní rárá, pé agbábọ́ọ̀lù abẹ́lé lásán ni wọ́n, wọn ò lè dúró níwájú ti 1994. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ṣé òótọ́ sì ni pé Yekini, agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ 1994, gbá bọ́ọ̀lù n'Íbàdàn rí? (Òǹkàwé, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bá mi kí bàbá rẹ. Ọ̀rọ̀ "abẹ́lé lásán" yẹn ni kò bá mi lára mu. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, ìṣẹ́jú kejì péré ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá góòlù sáwọ̀n Àlùjéríà. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ó tún gbá òmíràn. Bí wọ́n ṣe padà dé, Múdà Lawal fi ẹ̀kẹta lé e. 3-0! Ọmọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC Ìbàdàn ni àwọn méjèèjì. IICC náà ni Best Ogedegbe tó ń ṣọ́ àwọ̀n, àti Felix Owólabí tó gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi na Mòrókò kí a tó dé àṣekágbá. Christian Chukwu, balógun wọn, Rangers Enugu ni tirẹ̀. Nígbà yẹn, Ernest Okonkwo ló ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, òun ló sọ Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical", tó sọ Chukwu ní "Chairman". Tó bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹni tó wà nílé ò ní mọ̀ pé òun ò sí ní pápá.

Ẹgbẹ́ tí àwọn ọkùnrin yìí ti wá kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹpẹrẹ. IICC gba ife Áfíríkà ti àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní 1976, Rangers gbà á ní 1977, ẹgbẹ́ tó wá láti Yaoundé ní Kamẹrúùnù ni wọ́n sì nà ní àṣekágbá lọ́dún méjèèjì.

Tí ikọ̀ méjèèjì bá pàdé, ẹ̀yìn ti 1994 ni mo máa wà, n ò ní parọ́. Eré wọn yá jù. Ìṣẹ́jú kẹta ni Zambia ti kọ́kọ́ gbá tiwọn wọlé ní àṣekágbá ife Áfíríkà 1994 ní Tunis, síbẹ̀ Amunike dá méjì padà. Ní Ife Àgbáyé ọdún yẹn ní Amẹ́ríkà, wọ́n na Bulgaria 3-0. Ṣùgbọ́n níbo ni wọ́n ti wá? Amunike gbá bọ́ọ̀lù fún Julius Berger l'Ékòó, Amokachi fún Ranchers Bees ní Kàdúná, Okocha fún Rangers kó tó kọjá sí Jámánì. Líìgì tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń fojú di ló kọ́ wọn. Ní 2013 pàápàá, Sunday Mba, tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ló gbá góòlù tí a fi na Burkina Faso ní àṣekágbá ife Áfíríkà. Lónìí, agbára káká la fi ń rí ẹyọ kan nínú ikọ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ó sì ń dùn mí gan-an. Ife Àgbáyé 2022 àti 2026, a ò rí wọn wọ̀.

Ní ti Rashidi Yekini, òótọ́ ni. Ó wà ní Shooting Stars, ìyẹn IICC àná, láti 1982, ó sì bá wọn dé àṣekágbá ife ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà ní 1984, níbi tí Zamalek ti nà wọ́n. Abiola Babes l'Abẹ́òkúta ló gbà lọ lẹ́yìn náà, kó tó kọjá sí Abidjan.